Ilé Tí Ó Ní Àyè fún Àlejò, Tí Kò Ní Àyè fún Iṣẹ́

Bí àlejò bá wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ìlú ńlá lónìí, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni àga tìmùtìmù, tẹlifíṣọ̀n ńlá, àti àwòrán ọjọ́ ìgbéyàwó tí a gbé kọ́ ara ògiri. Gbogbo èyí dára, nítorí pé Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ àlejò ṣeré. Ṣùgbọ́n bí àlejò náà bá béèrè ibi tí ọmọ ilé ti ń ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un mú bọ̀ wálé, orí ibùsùn tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọn yóò nawọ́ sí. Bí baba ilé bá jẹ́ olùkọ́, orí itan ni ó ti ń máàkì ìwé. Bí ìyá ilé bá jẹ́ aránṣọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò sáré gbé ẹ̀rọ rẹ̀ pamọ́ sí nígbà tí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn, bí ẹni pé ohun ìtìjú ni. Ilé tí ó ní àyè fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí kò sì ní àyè fún iṣẹ́ tí ń bọ́ àwọn ará ilé lójoojúmọ́, ti gbé àṣà dorí kodò.

Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀wọ̀ àlejò ni ó fà á, pé kò yẹ kí àlejò bá pàǹtí iṣẹ́ nílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń pe èyí ní àṣà àwọn baba wa. Ó tọ́ kí a yẹ àṣà náà wò dáadáa. Nínú agbo ilé àtijọ́, àwọn yàrá ni ó yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì nà gbọọrọ níwájú wọn lábẹ́ òrùlé kan náà. Yàrá kéré, ó sì ṣókùnkùn. Oorun sísùn àti ìpamọ́ ẹrù ni a fi í ṣe. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ wà. Obìnrin tí ń hun kíjìpá a gbé òfì rẹ̀ ti ògiri níbẹ̀. Onídìrí a jókòó lórí àpótí, ẹni tí ń dirun a sì jókòó lórí ẹní níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ kan náà ni a ti ń gba àlejò. Àlejò kò retí kí onílé kó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Iṣẹ́ náà gan-an ni yóò kọ́kọ́ kí. Bí ó bá bá aláró nídìí ìkòkò aró, yóò ní, “Àrẹ̀dú o!” Bí ó bá bá onídìrí lẹ́nu iṣẹ́, yóò ní, “Ojú gbooro o!” Àwọn ènìyàn tí ó ní kíkí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún oníṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè jẹ́ ẹni tí ń tijú iṣẹ́ nínú ilé.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ti yí padà? Nígbà tí ilé onípálọ̀ dé, pálọ̀ gba ìgbàlejò lọ́wọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ mọ́ ọn. Ní ilé oníyàrá kan-kan tí a ń háyà, níbi tí ilẹ̀kùn ti kọjú sí ilẹ̀kùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ọ̀nà tóóró tí sítóófù àti garawa omi kún. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìwé wọ ọ̀pọ̀ ilé tí ìwé kò wọ̀ rí; ṣùgbọ́n bí ìwé ti wọlé tó, tábìlì kò bá a wọlé. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, tí òfin kónílé-ó-gbélé sì mú àwọn ará Èkó àti Ògùn láti ọjọ́ 30 oṣù náà, àṣírí tú. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, akọ̀wé àti oníṣirò owó, gbogbo wọn ń wá àyè iṣẹ́ nínú ilé ara wọn, ọ̀pọ̀ kò sì rí i.

Ẹni tí a bá bá sọ èyí yóò ní kò sí owó. Òtítọ́ ni pé ọwọ́ kò dẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bùn ni í rí ikú ọkọ tìrọ̀ mọ́, tí í ní ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni òun kò ti wẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí olówó oṣù kékeré kọ́ ọ́fíìsì sínú yàrá kan. Igun kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí.

Ohun àkọ́kọ́ kò ná ni ní kọ́bọ̀: kí a wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń wọlé. Kí fèrèsé wà ní apá òsì ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, kí òjìji ọwọ́ rẹ̀ má ba à bo ìwé. Kí ọlọ́wọ́ òsì yí tirẹ̀ padà. Tábìlì ni èkejì. Tábìlì ìkọ̀wé a máa ga tó íǹṣì 29 tàbí 30. Búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé kan ga tó íǹṣì 9. Bí a bá to 3 lé ara wọn ní apá kan, tí a to 3 ní apá kejì, tí a wá gbé ilẹ̀kùn àlòkù tàbí pákó tí ó nípọn tó íǹṣì 2 lé wọn lórí, íǹṣì 29 pé. Kí a fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, kí ó má baà mì. Káfíńtà àdúgbò yóò fi ìfági fá ojú pákó náà kí ó jọ̀lọ̀. Ní alẹ́, àtùpà kékeré tí ń gba agbára lára oòrùn sàn ju àbẹ́là lọ. Kì í rú èéfín, kì í sì í jó ìwé.

Ẹwà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, nítorí pé ibi tí ó bá wu ojú ni ọkàn ń fẹ́ gbé pẹ́. Ẹfun ni àwọn ìyá wa fi ń kun ògiri. Ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n sì fi ń pa ilẹ̀ títí yóò fi máa dán. Lónìí, ọ̀dà funfun díẹ̀ lára ògiri igun náà nìkan yóò mú kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí àárín rẹ̀ ti ya ṣì lè di aṣọ fèrèsé. Bí ó bá sì jẹ́ Ìbàdàndùn ni, ọmọ tí ó jókòó tì í yóò máa wo òpó gbọ̀ngàn Mápó bí ó ti ń kàwé. Igbá fínfín ará Ọ̀yọ́ yóò gba bírò àti òwú ìránṣọ. Ìkòkò amọ̀ ará Ìpetumodù yóò gba ewé tútù. Ọ̀pọ̀ irú nǹkan báyìí wà nínú ẹrù ìyá àgbà, tí eruku ń bò wọ́n, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń lọ fi owó ra òdòdó rọ́bà.

Ṣùgbọ́n pákó àti ọ̀dà nìkan kò lè sọ igun di àyè iṣẹ́. Ó yẹ kí ó ní èèwọ̀ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdí òfì àti ìdí àrọ ti ní. Kí a má ṣe gbé àwo ọbẹ̀ ka ibẹ̀, kí a má ṣe da aṣọ fífọ̀ jọ sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì lé ọmọ kúrò níbẹ̀ nítorí pé àlejò dé. Níbi tí ènìyàn mẹ́fà ti ń gbé yàrá kan, kí wọ́n pín àkókò: ìyá ní ọ̀sán, ọmọ ní ìrọ̀lẹ́, baba ní alẹ́. Àwọn àgbà ni ó lè fi ìdí èèwọ̀ yìí múlẹ̀, nítorí pé bí bàbá àgbà bá kí ọmọ kú iṣẹ́ nídìí ìwé rẹ̀, tí kò pè é kí ó wá dìde fún àlejò, gbogbo ilé ni yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ni ọmọ ń ṣe.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí kò ní ibi tí yóò gbé ìwé lé nínú ilé baba rẹ̀ yóò gbà pé ọ̀ràn ilé-ìwé nìkan ni ìwé, yóò sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní pálọ̀, kí ó sún àga kan kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó ní yàrá kan, kí ó gbá igun kan mọ́ lónìí, kí ó tó máa wá pákó kiri.