Asingbèsè Kì Í Ṣe Adájọ́

Ẹ̀yin ọlọ́lá ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa, àwa kì í fẹ́ máa fi ojú ewé ìwé yìí ṣe àròyé ọ̀ràn ilé ẹni kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀ràn ilé kan bá ti di ti àdúgbò, tí ti àdúgbò sì ń di ti ìlú, bí àgbà bá dákẹ́, ẹ̀bi ni. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ ní oṣù yìí lórí àwọn tí ń sin gbèsè, ohun tí ó tọ́ kí wọ́n ṣe àti èyí tí kò tọ́.

Obìnrin aránṣọ kan wà ní Ìlàré níhìn-ín tí a mọ̀ dáadáa. A kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ ti jìyà tó. Nígbà tí ọdún Ọlọ́jọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó yá owó díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí fóònù, ó fi ra òwú àti àwọn ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ránṣọ fún kò tètè san owó, ọjọ́ àdéhùn sì fi ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, àwòrán rẹ̀ ti wà lórí fóònù ìyá ọkọ rẹ̀, ti ìyá ìjọ, ti àwọn oníbàárà rẹ̀, àti ti baálé ilé tí a ti bí i. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán náà pé olè ni, kí ẹni tí ó bá rí i mú un. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti san gbogbo owó náà àti èlé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a gba ọ̀rọ̀ náà padà lọ́wọ́ àwọn tí ó ti kà á? Oníbàárà méjì ti gbé aṣọ wọn lọ sí ọ̀dọ̀ aránṣọ mìíràn. Àwọn baba wa kò ṣìsọ nígbà tí wọ́n wí pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ wa sódì. A kò wí pé kí ajigbèsè má san gbèsè. Ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbẹ̀fà. Kì í sì í ṣe ọ̀nà ara rẹ̀ nìkan ni ó dí, ó dí ti ọmọ ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ohun tí a ń wí ni pé ẹ̀tọ́ láti béèrè owó ẹni kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti dá ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti fi ìyà jẹ ọmọ ènìyàn.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé dídójú ti ajigbèsè kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Òtítọ́ ni. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ fún wa nípa àwọn ológò. Bí ajigbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó yóò bẹ ológò, ẹni tí ìlú mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, yóò sì lọ dógò tì í ní ilé rẹ̀. Yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa bú, yóò pa adìyẹ tí ó bá rí, yóò sè é jẹ, títí ara yóò fi ni gbogbo agbo ilé, tí wọn yóò sì wá owó náà jáde. Lẹ́yìn wọn ni a mọ àwọn aládùúgbò wa, àwọn ará Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń ta aṣọ ní àwìn kiri ìlú àti oko ní ayé ìjọba òyìnbó. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn a ní òṣó ni àwọn óò ló títí owó àwọn yóò fi jáde. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló.

A kò yin ológò, nítorí iṣẹ́ líle ni iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tí kò jẹ gbèsè nínú agbo ilé sì ń jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ológò ní ojú, ó ní orúkọ, a sì mọ ilé rẹ̀. Ilé ẹni tí ó jẹ gbèsè ni ó jókòó sí, kò lọ sí ilé àna rẹ̀ tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ojúmọmọ ni ó sì ń ṣe é, lójú àwọn àgbà. Asingbèsè orí fóònù kò ní ojú, kò ní ilé, orúkọ tí ó sì ń jẹ́ lónìí lè máà jẹ́ ẹ lọ́la. Ìwà àtijọ́ mìíràn tí ó burú ju dídógò lọ ni òun jí dìde. A máa ń mú ìbátan ajigbèsè nígbà náà, tàbí ará ìlú rẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, dípò rẹ̀. Ìjà ni èyí sì ń dá sílẹ̀ láàárín ìlú àti ìlú. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti kí a máa pe ìyá ọkọ obìnrin ní agogo márùn-ún òwúrọ̀ nítorí owó tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, tí kò sì ṣe onídùúró fún?

Ó yẹ kí gbogbo ilé ní Ìlàré mọ ohun tí òfin wí. Èkínní, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, ní abala 32, wí pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn tàbí pé ó jẹ gbèsè. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, ti wí bẹ́ẹ̀ ṣáájú, ó sì fi kún un pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ nínú ẹjọ́ báńkì kan pé gbígba gbèsè tí ó ti inú àdéhùn lásán wá kì í ṣe iṣẹ́ àjọ EFCC. Bí ènìyàn bá fi èrú gba owó, tàbí tí ó kọ ìwé ṣẹ́ẹ̀kì nígbà tí ó mọ̀ pé kò sí owó nídìí rẹ̀, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá kì í ṣe ọ̀daràn.

Èkejì, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 37, dáàbò bo àṣírí ilé àti ọ̀rọ̀ olúkúlùkù. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 sì tún mú un le. Ní oṣù kẹjọ 2021, àjọ NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending nítorí títú àṣírí àwọn tí ó yáwó. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2022, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bá àwọn àjọ mìíràn wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà, wọ́n wá inú rẹ̀ wò. Ní 2023, Google náà fi òfin dè é pé ètò ayánilówó kò gbọdọ̀ wọ inú àkójọ orúkọ àti àwòrán tí ó wà nínú fóònù ẹni. Ní oṣù keje 2025, FCCPC gbé ìlànà tuntun jáde, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà.

Ọ̀ràn yìí kò sì mọ sí ilẹ̀ wa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń ju ajigbèsè sí ẹ̀wọ̀n fi òfin fòpin sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àṣà náà ní 1869. Ní 1977, Amẹ́ríkà ṣòfin pé asingbèsè kò gbọdọ̀ pe ènìyàn kí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́, kò sì gbọdọ̀ ròyìn gbèsè náà fún aládùúgbò.

Ayánilówó yóò wí pé, “Bí a kò bá dójú tì í, kò ní í san.” A dá a lóhùn pé kóòtù wà, ìwé ìpè wà, onídùúró tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé wà. Láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ sì ti fún àwọn báńkì láyè láti yọ owó wọn nínú àkáǹtì mìíràn tí ajigbèsè ní. Ẹni tí ó ba orúkọ aránṣọ jẹ́ ti lé àwọn oníbàárà tí ìbá fi owó wọn san gbèsè náà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bákan náà ni a ń bá sogúndogójì inú ọjà wí, tí kì í kọ ìṣírò èlé sílẹ̀ kí ajigbèsè lè rí i.

Nítorí náà, àwa ń bẹ ẹ̀yin ìjòyè wa pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí asingbèsè fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ṣe àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ó bá mú ẹjọ́ wá, ẹ pe ẹnìkejì, kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ béèrè ìwé àdéhùn àti ìṣírò èlé lọ́wọ́ olówó, kí ẹ sì bá wọn pín owó náà sí ìgbà tí apá yóò fi ká a. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, bí wọ́n bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ má ṣe fi han ẹlòmíràn. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kí ẹ bá a kọ ẹ̀sùn sí FCCPC, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀ràn yìí ń dé bá kò mọ ibi tí wọn yóò gbé e lọ. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ẹ̀yin alájọ, ẹ ṣí ọwọ́ yín sí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kékeré, kí wọ́n má baà máa wá owó lọ́dọ̀ ẹni tí wọn kò mọ ojú rẹ̀.

Aránṣọ wa ṣì jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní Ìlàré. Ẹ̀yin tí ẹ rí àwòrán náà, tí ẹ sì gbà á gbọ́, ẹ gbé aṣọ yín padà lọ fún un.