Àdìrẹ Alábẹ́rẹ́: Ṣé Ọmọ Abẹ́òkúta Nìkan Ló Ni Ín?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí á bá ara wa sọ òótọ́. Bí a bá ní kí àwa tí a dàgbà ní Àbújá wá kọ́ àdìrẹ alábẹ́rẹ́, àwọn kan máa ń rán an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ti bàjẹ́, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọn kò bí i mọ́ wa."

Mo gbà pé iṣẹ́ náà ń tán ni ní sùúrù. Ẹni tó ń hun súwẹ́tà lè tú u bó bá ṣì í. Ti aládìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Yóò rán aṣọ, yóò fa òwú rẹ̀ le, yóò rẹ ẹ́ sínú aró. Ìgbà tó bá tú òwú ni yóò tó mọ̀ pé kò le tó: aró ti wọlé, ọnà ti parẹ́. Bí ó bá sì fi ìkánjú lo abẹ láti já òwú, aṣọ lè ya.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń fa òwú le, ọwọ́ ni. Ibùdó tí Màmá Níkẹ̀ẹ́ Okundaye dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983 ti kọ́ àwọn òyìnbó pàápàá ní àdìrẹ. Ṣé a bí i mọ́ àwọn náà ni?

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a má fi ọ̀pá aṣọ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tí kò ju ìnujú lọ ti tó. Kíákíá la ó rẹ ẹ́, kíákíá la ó rí ibi tó kù sí, a ó sì tún òmíràn rán. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.