Owó ilé akẹ́kọ̀ọ́ l'Àpẹ̀tẹ̀: ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹni tó bá dé Àpẹ̀tẹ̀ n'Ìbàdàn yóò rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli Ìbàdàn wà lára àwọn tó gbé ọjà ibẹ̀ ró. Yàrá inú ọgbà iléèwé náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1970, kò gba gbogbo wọn, ni ọ̀pọ̀ fi ń háyà yàrá níta.

Owó ọdún kan gbáko ni ọ̀pọ̀ onílé ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òbí bá ti san án tán, kí ló kù tí ọmọ yóò mú wá sọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ, oní-fọ́tòkọ́pì àti aránṣọ? Gaàrí ni yóò máa mu. Lóṣù kẹta ọdún 2020, tí ìjọba ti iléèwé pa nítorí Kòrónà, owó tí wọ́n ti san ti wọ àpò onílé, yàrá wà ní títì, oníṣọ́ọ̀bù ò sì rí ẹni tà fún.

Èrò tèmi ni pé kí onílé gba ìdajì nígbà tí iléèwé bá wọlé, kó gba ìyókù ní sáà kejì. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n pé akẹ́kọ̀ọ́ lè sá lọ. Kí òbí tọwọ́ bọ̀wé, kí oníduùró sì wà. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀yin oníṣòwò ṣe ń ta àwìn fún ẹni tẹ́ ẹ mọ ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sípàdé àwọn onílé. Onílé tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé rẹ̀, bí ọjà ò bá tà, ta ni yóò san owó ṣọ́ọ̀bù fún un?