Onílé Ni Kò Ní Gbà fún Àgbàrá: Iṣẹ́ Tó Wà Lọ́wọ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Kí Òjò Tó Dé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pàápàá jùlọ ní ìlú Ìbàdàn, òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn tó ti dàgbà nínú wa kò lè gbàgbé ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún kọjá bèbè rẹ̀, tó gba ẹ̀mí ènìyàn tó lé ní 200, tó sì gbé ilé, ọjà àti ọkọ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa náà ní ọjọ́ tiwọn: ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011. Òjò tí ìwọ̀n rẹ̀ tó mìlímítà 187.5 rọ̀ láàrín wákàtí díẹ̀. Omi gba orí dáàmù Ẹlẹ́yẹlé kọjá, afárá Àpẹ̀tẹ̀ wó, ọgbà ẹranko àti oko ẹja Yunifásítì Ìbàdàn bàjẹ́, ẹ̀mí tó sì lé ní 100 ló ṣòfò.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà láàrín ìjàmbá méjèèjì. Ìlú kan náà ni, oṣù kan náà ni, orísun ìṣòro náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ kan lónìí: bí òwe bá ní onílé ni kò ní gbà, ta ni onílé nígbà tí ohun tí a ń sọ bá jẹ́ gọ́tà àdúgbò, afárá kékeré àti bèbè odò? Èrò tiwa ni pé ìjọba ìbílẹ̀ ni onílé àkọ́kọ́, àti pé títí ìjọba ìbílẹ̀ yóò fi ní owó, ìmọ̀ àti ojúṣe tí a kọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí lọ́dọọdún, ńṣe ni a óò máa kó owó ńlá sínú iṣẹ́ ńlá, tí omi yóò sì máa wá ọ̀nà kékeré wọlé.

Òjò òde òní kì í ṣe òjò àná

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ojú-ọjọ́ ayé ń yí padà, ooru ń pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé bí ooru afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n sẹ́síọ́ọ̀sì kan ga sí i, afẹ́fẹ́ náà lè gba nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún omi kún èyí tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí òjò bá dé, ó lè dé pẹ̀lú omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gọ́tà àti ihò omi tó wà lábẹ́ títì wa ni a ṣe fún òjò ìgbà àwọn bàbá wa.

Ilẹ̀ náà kò rí bí ó ti rí mọ́. Ibi tó jẹ́ oko, ìgbẹ́ àti àbàtà ní ogójì ọdún sẹ́yìn ti di ilé, ọjà àti àgbàlá tí a fi kọ̀ǹkéré tẹ́. Omi tó yẹ kí ilẹ̀ mu ń sáré lórí sìmẹ́ńtì lọ sínú odò. Nígbà tó bá sì dé etí odò, yóò bá ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà rẹ̀ àti pàǹtírí tí a dà sí abẹ́ afárá. Nítorí náà, ìyípadà ojú-ọjọ́ nìkan kọ́ ló ń pa wá lára. Ohun tí ọwọ́ wa ṣe ló ń fún un lágbára.

A kò gbọdọ̀ gbójú fo iṣẹ́ tí a ti ṣe. Lẹ́yìn ìjàmbá ọdún 2011, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ìrànwọ́ 200 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2014 fún ètò ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Láti inú ètò náà ni a ti tún àwọn afárá àti ojú omi kan ṣe, tí a ṣe àtúnṣe dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, tí a sì ṣe àkọsílẹ̀ ètò ńlá fún ìdàgbàsókè ìlú, fún gọ́tà àti fún ìdènà omíyalé. Ohun ìdúpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tí a ń kọ̀wé lórí ojú-ìwé ìjọba fúnra rẹ̀ sọ ọ́ láìfi bò: iṣẹ́ ńlá kì í ṣọ́ ara rẹ̀. Gọ́tà tí a fi owó gọbọi kọ́ lè di ààtàn láàrín ìgbà òjò mélòó kan bí kò bá sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kó o. Ìwé ètò ìlú tó dára jùlọ kò wúlò bí òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí pílánì ilé kò bá tíì rí i rí.

Ta ló ni gọ́tà?

Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti dáhùn ìbéèrè náà. Àfikún Kẹrin inú Ìwé Òfin ọdún 1999 ka kíkọ́ àti títọ́jú òpópónà àdúgbò àti gọ́tà, pẹ̀lú kíkó ìdọ̀tí dànù, mọ́ ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà máa ń sọ pé ojúṣe wà ṣùgbọ́n owó kò sí lọ́wọ́ àwọn. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ó yẹ kí owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti inú àpò ìjọba àpapọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Bí ìdájọ́ náà bá ti ń múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwáwí yóò máa dínkù. Bí owó bá dé ọwọ́ onílé, onílé ni a óò bi léèrè nígbà tí òrùlé bá jò.

Síbẹ̀, omi kò mọ ààlà. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní ìpínlẹ̀ yìí, 11 nínú wọn ló sì wà ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Odò Ògùnpa gba inú ju ẹyọ kan nínú wọn lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni odò Ọ̀nà. Bí àwọn tó wà lókè odò bá kó gọ́tà wọn, tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò sì kó tiwọn, ńṣe ni omi yóò yára dé bá àwọn tìsàlẹ̀. Níbí ni ojúṣe ìjọba ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: láti pe àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí odò kan náà so pọ̀ jókòó, kí wọ́n sì fi ẹnu kò sí ọjọ́ kan náà fún iṣẹ́ kan náà.

Ohun tó ṣeé ṣe láìdúró de owó òkèèrè

Èkíní ni àkókò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń kó gọ́tà, kì í ṣe ìgbà tí omi bá ti dé orókùn. Ó yẹ kí iṣẹ́ náà ní ìlà tirẹ̀ nínú ètò ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a ṣe é kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, kí a sì tún un ṣe nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé òpin oṣù Kẹjọ ni ìjàmbá méjèèjì tí a mẹ́nu bà ṣẹlẹ̀. Ẹrẹ̀ tí a bá kó jáde kò gbọdọ̀ sùn sí etí gọ́tà, nítorí òjò àkọ́kọ́ ni yóò dá a padà.

Èkejì ni àwòrán ilẹ̀. Kí àwòrán tó ń fi ibi tí omi ń gbà hàn wà lórí tábìlì gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń yẹ pílánì ilé wò, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì níbi tí ará ìlú ti lè rí i. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ yóò lè wo ibi tí ilẹ̀ náà wà kí ó tó san owó. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ìbá ti bọ́ nínú ìyà bí wọ́n bá ti rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń dúnàá dúrà.

Ẹ̀kẹta ni ìkìlọ̀. Lọ́dọọdún ni NiMet, àjọ tó ń ṣàkíyèsí ojú-ọjọ́, máa ń sọ bí òjò yóò ṣe rọ̀, tí NIHSA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi, sì máa ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omíyalé lè dé bá. Ìkìlọ̀ tó dúró sí Àbújá kò gba ẹnikẹ́ni là. Ó gbọ́dọ̀ dé wọ́ọ̀dù, ní èdè Yorùbá, láti ẹnu ẹni tí àdúgbò mọ̀: káńsílọ̀, baálẹ̀, alága ẹgbẹ́ onílé, ìyálọ́jà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì lè ṣe é láàrín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òpó afárá tí a fi ọ̀dà pupa kùn ní ibi tí omi kò gbọdọ̀ kọjá náà lè sọ fún ọmọ kékeré pé àkókò ti tó láti kúrò nílé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò gba mílíọ̀nù dọ́là.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Òkè-Ògùn, ohun tó ń ba àwọn àgbẹ̀ lẹ́rù ni òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáradára tó sì dáwọ́ dúró nígbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Níbẹ̀, ojútùú tó wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni kí a gbé ìròyìn òjò dé oko kí àgbẹ̀ tó gbin irúgbìn, kí a ṣe irúgbìn tó ń tètè gbó wọ́n sí ìtòsí, kí a sì wa adágún kékeré tí yóò gba omi òjò pamọ́ fún ìgbà ọ̀dá. Omi tó pọ̀ jù níhìn-ín àti omi tí kò tó lọ́hùn-ún, ìṣòro kan náà ni wọ́n jẹ́.

Èyí tó ṣòro jù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè yẹ̀ sílẹ̀: àwọn ilé tó ti wà ní etí odò. Ó rọrùn láti sọ pé kí a wó wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀daràn. Ẹlòmíràn ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, ẹlòmíràn gba ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì ìjọba, ẹlòmíràn sì jogún ilé bàbá rẹ̀. Bí ìjọba bá wó ilé láìsí ibi tí onílé yóò lọ, etí odò mìíràn ni yóò lọ kọ́lé sí. Bí ìjọba bá sì dákẹ́, òjò ni yóò wó ilé náà, bóyá lóru, tòun ti àwọn ọmọ tó sùn sínú rẹ̀.

Ohun tí a rò pé ó tọ́ ni pé kí a kọ́kọ́ dá kíkọ́ ilé tuntun dúró pátápátá ní ibi tí omi ń gbà, kí a má ṣe ojúsàájú olówó tàbí olóṣèlú. Lẹ́yìn náà, kí a to àwọn ilé tó wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí ewu wọn ti pọ̀ tó, kí a fún àwọn tí ewu wọn pọ̀ jù ní àkókò, ilẹ̀ àti ìrànwọ́ láti ṣí kúrò. Níbi tí ìjọba bá ti fọwọ́ sí ìwé tí kò yẹ kó fọwọ́ sí, kí ìjọba gbé ẹrù tirẹ̀. Bèbè odò tó bá ṣófo, kí a gbin igi síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ilẹ̀ tí kò bá ní olùtọ́jú kì í pẹ́ kó tó rí ẹni tí yóò tà á.

Bí owó ṣe lè bá iṣẹ́ rìn

Àwọn ará ilé wa ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kan fún wa. Wọ́n wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo ètò kan tí à ń pè ní LoCAL, èyí tí UNCDF, ẹ̀ka kan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, dá sílẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ láti Bhutan àti Cambodia. Ìlànà rẹ̀ kò le. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ní ètò ìṣúná tó yé ni, tó ń ṣírò owó rẹ̀ ní gbangba, yóò gba owó kún èyí tó ti ní, fún iṣẹ́ tó ń dènà ewu ojú-ọjọ́ nìkan. Lọ́dún kejì, a óò yẹ iṣẹ́ náà wò. Ẹni tó bá ṣe dáradára yóò gbà sí i, ẹni tí kò bá ṣe é yóò gba díẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa lè gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láàrín ìjọba ìbílẹ̀ 33, kí ìdíje tó wà láàrín wọn jẹ́ ti gọ́tà tó mọ́, kì í ṣe ti pátákó ìpolówó.

Ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ yìí náà ní ipa tiyín. Pàǹtírí tí a bá dà sínú àgbàrá lálẹ́, ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ni yóò bá a láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ojúṣe ará ìlú kò parí síbẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ káńsílọ̀ yín: mélòó ni ó wà nínú ètò ìṣúná ọdún yìí fún kíkó gọ́tà? Ọjọ́ wo ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀? Ta ni yóò pè wá bí omi bá ń bọ̀ lóru? Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ti múra sílẹ̀ yóò rí èsì fún ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí kò bá rí èsì, ẹ ti mọ̀ kí òjò tó dé, àyè ṣì wà láti ṣe àtúnṣe. Ní ọdún 1980 àti 2011, ẹ̀yìn òjò ni a tó mọ̀.