Ìran Kòkó Inú Oko Wa

Ẹni tí ó bá wo àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí owó kòkó kọ́ nílẹ̀ wa, tí ó sì ka iye ọmọ tí owó kòkó rán lọ sí ilé ìwé, lè rò pé ojú Odùduwà ni igi náà ṣe hù. Rárá o, àlejò ni. Bẹ́ẹ̀ odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Agbègbè odò Amasọ́nì ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun kòkó. Ní 1822 ni àwọn Potogí gbé e láti Bahia, ní Bràsíl, wá sí erékùṣù Príncipe. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé São Tomé àti Fernando Po. Fernando Po ni Tetteh Quarshie ti mú tirẹ̀ lọ sí Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ní 1879. Fernando Po náà ni tiwa ti wá. Oko bí ti J. K. Coker ní Agége ni ó sì ti tàn dé Ìbàdàn, Oǹdó àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ẹ kíyè sí i pé èso díẹ̀ ni ó wọkọ̀ ojú omi wá. Àwọn díẹ̀ náà ni ó bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú oko àwọn baba wa. Amelonado ni wọ́n ń pè é. Igi yìí lè dá nìkan ṣe akọ, kí ó sì ṣe abo, nítorí náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi jọra bí ìbejì. Ní 2008, Motamayor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àmì ìran wò lára igi kòkó tí ó lé ní 1,200. Ìdílé mẹ́wàá ni wọ́n rí. Ọ̀kan péré ni Amelonado nínú wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí pé, “Tísà, kí ni ó burú bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọmọ ìyá?” Mo ní bí kọ́kọ́rọ́ kan bá lè ṣí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ọjà, olè kan ti tó láti kó ọjà náà tán. Ẹ wo Bahia, níbi tí kòkó wa ti wá. Ní 1989 ni àrùn kan dé oko wọn, èyí tí í mú ẹ̀ka rú jáde ṣùù bí ìgbálẹ̀. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ìkórè wọn kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ olóko wọ gbèsè, ọ̀pọ̀ lébìrà sì pàdánù iṣẹ́. A dúpẹ́ pé àrùn náà kò tí ì dé Áfíríkà.

Àwọn onímọ̀ kò sùn. F. J. Pound wá igi tí ó lágbára lọ sí òkè odò Amasọ́nì ní nǹkan bí 1937, ó sì kó wọn wá sí Trinidad. Ní 1944, Posnette mú èso wọn wá sí Tafo ní Gold Coast. Ibẹ̀ ni èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa ń pè ní Amasọ́nì ti ṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní oko nílé, ẹ má kàn la èso tí ẹ bá rí lóko aládùúgbò kí ẹ sì gbìn ín. Ẹ béèrè irúgbìn lọ́wọ́ ilé ìwádìí kòkó tí a dá sílẹ̀ ní 1964 nítòsí Ìbàdàn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ju oríṣi kan lọ. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ ọ́n ju èmi lọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.