Ta Ló Ní Ká Máa “Wọ” Fìlà?

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń gbé Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ò ní ṣàìgbọ́ irú èyí rí. Ẹ tẹ́tí sí àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ Jímọ̀ tàbí lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n ti ń múra: “Mọ́mì, mi ò tíì wọ fìlà mi.” “Àǹtí ti wọ gèlè.” Òbí á sì máa rẹ́rìn-ín, inú ẹ̀ á dùn pé ọmọ òun ṣì gbọ́ Yorùbá. Yorùbá wo? Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yẹn ń sọ o, ẹnu Yorùbá ló kàn fi ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló wà nídìí ọ̀ràn yìí: “wear”. Òyìnbó á “wear” ẹ̀wù, á “wear” fìlà, á “wear” bàtà, á “wear” òrùka, àní á tún “wear” lọ́fínńdà. Èyí ò burú, èdè tiẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú èdè tiwa, ohun ọ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ẹ̀wù àti ṣòkòtò là ń wọ̀. Fìlà, dídé ni. Gèlè, wíwé ni, láwàní náà bẹ́ẹ̀. Ìró, à ń ró o. Ìpèlé, à ń gbé e kọ́ èjìká. Ìgbànú, à ń dì í. Tìróò, à ń lé e. Bàǹtẹ́ àwọn baba wa, sísán ni wọ́n ń sán an. Bàtà, a lè wọ̀ ọ́, a sì lè bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, torí “bọ bàtà” àti “bọ́ bàtà” kì í ṣe ọ̀kan náà: ẹsẹ̀ ẹnì kan ń wọlé, ti ẹnì kejì ń jáde!

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń fi ohun tí ọwọ́ ń ṣe hàn wá? Bí a ti ń dé ìkòkò la ṣe ń dé fìlà. Ta ni yóò dúró lọ́jà Akẹ̀sán kó ní nígbà tí Ọba Akeem Abímbọ́lá Ọwọ́adé gorí ìtẹ́ ní 2025, ńṣe ni Aláàfin “wọ adé”? Adé kì í ṣe bùbá!

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan á ní Gẹ̀ẹ́sì ló lọ́rọ̀ jù, pé àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ka ìtumọ̀ tó lé ní 600 fún “run” nìkan. Òótọ́ ni. Àmọ́ bí àpò kan bá gba ẹrù 600, ṣé ìyẹn wá sọ ẹni tó ní àpò púpọ̀ di tálákà ni? Àwa náà sì ní àpò ńlá tiwa. Ẹ wo “jẹ”: à ń jẹ iyán, à ń jẹ oyè, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ ìyà, à ń jẹ ayò. Kí Òyìnbó fi “eat” sọ márààrún ká gbọ́! Kò sí èdè tó tòṣì. Bí kálukú ṣe ń di ẹrù tiẹ̀ ló yàtọ̀.

Ìdí nìyí tí tíṣà tó ní “wear ni wọ̀”, tó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, fi ń ba èdè méjèèjì jẹ́ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Bí aṣọ bá gbó, “wear” ni Òyìnbó ń lò. Bí taya bá jẹ tán, “wear” ni. Bí ọtí bá dá lójú ọ̀mùtí, “wear” náà ni. Ọmọ yẹn ò ní mọ bí a ti ń dé fìlà, ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó ń kà náà ò sì ní yé e.

Ẹ má sì sọ pé kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ní 1858, ilé iṣẹ́ Smithsonian ní Washington tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde. Òyìnbó la òkun kọjá kó lè kọ́ ọ̀rọ̀ wa. Àwa ń sanwó iléèwé kí ọmọ wa lè gbàgbé ẹ̀!

Ìjọba ńkọ́? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ fún ọdún 6 àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Aláúsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó ní níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí làwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò bíi WAEC àti JAMB. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní ní 2022 kò tíì parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Ìgbà wo ló jókòó ṣe WAEC?

A sì ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò rí. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Kò sẹ́ni tó ní ká sọ Gẹ̀ẹ́sì nù. Òun la fi ń wáṣẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó dá Yorùbá mọ̀ dáadáa ló ń tètè dá Gẹ̀ẹ́sì mọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ torí ó sọ Yorùbá, ẹ jáwọ́. Ẹ̀yin òbí, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láàárọ̀ ọ̀la, bí ẹ bá ń múra fún ọmọ yín, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ létí: wọ ẹ̀wù ẹ, di ìgbànú ẹ, dé fìlà ẹ. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.