Ọrùn Gìtá: Ẹ Wo Ọwọ́, Ẹ Má Wo Àwọ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí àwọn baba wa ti pa òwe yìí láti fi kọ́ wa pé ohun tí ó bá ọwọ́ kan mu lè ṣàì bá òmíràn mu, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi owó ra gìtá. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń rí láàárín àwa ọmọ Yorùbá tí a tẹ̀dó sí Àbújá yàtọ̀ sí èyí. Àwọ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà orúkọ tí a kọ sí orí gìtá, lẹ́yìn náà iye tí òǹtajà pè é. Ọrùn gìtá, èyí tí ọwọ́ òsì yóò dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin rẹ̀, ni a ń wò kẹ́yìn, bí a bá tilẹ̀ wò ó rárá.

Èrò tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Mo gbà pé gìtá tí ọrùn rẹ̀ sanra ni ó yẹ kí àgbàlagbà tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tóbi kọ́kọ́ dán wò, ìbáà ṣe gìtá onígi tí kò lo iná, ìbáà sì ṣe gìtá oníná. Mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó ń gbé ní ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti ń mú gidigidi. Kò yẹ kí a jẹ́ kí òǹtajà fi ọ̀rọ̀ dídùn mú wa gbà pé ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni ó bá ayé òde òní mu.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán ni èyí. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1976 ti ya ilẹ̀ Àbújá sọ́tọ̀ fún olú-ìlú, àti ní pàtàkì láti oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣí kúrò ní Èkó, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé Yorùbá ni ó ti fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Àwọn ọmọ tí a bí sí Kúbwa, Kàrú, Nyanya àti Gwagwalada kò gbọ́ ìlù ní ojúde baba wọn bí àwọn òbí wọn ti gbọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀ṣì, òde àríyá àti inú ilé ni púpọ̀ nínú wọn ti ń pàdé orin Yorùbá. Bí baba tàbí ọmọ kan bá gbé gìtá sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nítorí pé ọwọ́ ń ro ó, a ó ní kò ní ẹ̀bùn orin ni. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ọrùn gìtá tí a rà fún un ni kò bá ọwọ́ rẹ̀ mu.

GÌTÁ TI DI TIWA

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ mọ́ pé ohun èlò àjèjì ni gìtá láàárín Yorùbá. Túndé King, ẹni tí ó gbé àwo orin jùjú jáde ní ọdún 1936, ta gìtá-báńjò olókùn mẹ́fà. Àyìndé Bákàrè ni ó mú gìtá tí a fi iná gbé ohùn rẹ̀ sókè wọ inú jùjú ní ọdún 1949. Fàtáì Rolling Dollar ta gìtá títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀ kí ó tó di olóògbé ní ọdún 2013. Ebenezer Obey wà lára àwọn tí ó ti kọ́ṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ti Sunny Adé kò tún gba àlàyé: bí ó ti ń ta gìtá tirẹ̀ níwájú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onígìtá mìíràn ń dá a lóhùn lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí àwọn tí ń dáhùn lẹ́yìn wọ̀nyí ń ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Nínú jùjú, onígìtá kan lè di ohùn orin kúkúrú kan mú, kí ó máa tún un ta láìyẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún, bí onílù omele ti í ṣe. Ní òde àríyá tí ó bá di àfẹ̀mọ́jú, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò wáyé ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe eré sísá ni a ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò ṣe ìfaradà. Ọwọ́ tí ó bá ní ohun tí ó kún inú rẹ̀ dáadáa yóò lè sinmi lé e. Ọwọ́ tí ó bá sì ní láti ká bí ìgbà tí a di páńkẹ́rẹ́ mú, àtàǹpàkò rẹ̀ yóò máa tẹ ẹ̀yìn ọrùn náà kíkankíkan, kò sì ní pẹ́ tí iṣan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

FÍFẸ̀ YÀTỌ̀ SÍ SÍSANRA

Ohun méjì ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Fífẹ̀ ni ìwọ̀n láti okùn tí ó nípọn jù lọ dé okùn tí ó tín-ín-rín jù lọ. Sísanra ni ìwọ̀n láti ojú ọrùn, níbi tí ìka ń tẹ̀, dé ẹ̀yìn rẹ̀ tí àtàǹpàkò ń gbé lé. Gìtá olókùn náílọ̀nù, irú èyí tí àwọn ará Sípéènì sọ di olókìkí, fẹ̀ tó mìlímítà 52 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọrùn. Gìtá onígi olókùn irin fẹ̀ tó 43 tàbí 44. Ọ̀pọ̀ gìtá oníná wà láàárín 41 sí 43. Ẹni tí orí ìka rẹ̀ tóbi, tí ìka kan sì máa ń pa ohùn okùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fífẹ̀ ni ó ń wá. Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń ro, sísanra ni kí ó yẹ̀ wò.

Ní ti sísanra, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 20 ní ẹ̀bá orí gìtá, èyí tí ó sanra sì lè tó 24 tàbí 25. Mìlímítà mẹ́rin péré lè dàbí ohun tí kò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í ṣàìmọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ Gibson ti Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá oníná tí a ń pè ní Les Paul ní ọdún 1952, fi ọrùn tí ó kún ọwọ́ sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó di 1960, wọ́n sọ ọ́ di tẹ́ẹ́rẹ́. Títí di òní, ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe irú méjèèjì, nítorí pé oníbàárà àwọn méjèèjì ń bẹ.

Ẹ óò tún rí i tí àwọn òǹtajà ń pe lẹ́tà mọ́ ọrùn gìtá: C, D, U tàbí V. Bí ẹ̀yìn ọrùn ti rí bí a bá gé e lábùú ni lẹ́tà wọ̀nyí ń fi hàn. Lẹ́tà kò sọ iye tí ó sanra. Èyí tí wọ́n pè ní C ní ilé-iṣẹ́ kan lè tẹ́ẹ́rẹ́, kí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn sì kún ọwọ́. Nítorí náà ẹ béèrè ìwọ̀n rẹ̀ ní mìlímítà, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ ara yín mọ̀ ọ́n.

ỌYẸ́ KÌ Í MỌ OJÚ ẸNI

Àwọn tí ń ṣe gìtá fẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Èkó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní Àbújá, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, ọyẹ́ a máa gbẹ afẹ́fẹ́ títí tí ètè ènìyàn yóò fi là. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti Kánò mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Igi gìtá tí a gbé ti Èkó wá yóò fún. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbé dábùú ojú ọrùn kò ní fún pẹ̀lú rẹ̀, orí wọn yóò sì yọ síta láti máa họ ọwọ́. Ọrùn náà pàápàá lè tẹ̀ tàbí kí ó lọ́ po.

Níbí ni sísanra ti tún wúlò. Bí ọ̀pá igi méjì bá dọ́gba ní gígùn àti ní fífẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ irú igi kan náà, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan sanra ní mìlímítà 24 tí èkejì sì jẹ́ 20, agbára èyí tí ó sanra láti kọ títẹ̀ yóò ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti èkejì lọ. Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Okùn irin orí gìtá onígi ń fa ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ó lé ní ìwọ̀n kílò 70 tọ̀sán tòru. Ìdí nìyí tí ó fi léwu láti fi okùn irin sí gìtá tí a ṣe fún okùn náílọ̀nù, nítorí pé ìfà tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí a kọ́ gìtá náà fún.

Síbẹ̀, èmi kò ní sọ pé sísanra nìkan tó. Nígbà tí Leo Fender ń ṣe gìtá oníná rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1950, ó rò pé igi maple tí ó fi ṣe ọrùn rẹ̀ le tó láti dá dúró. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé ó yẹ kí òun fi ọ̀pá irin sí inú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Gibson ti gba àṣẹ oníhun lórí irú ọ̀pá irin tí a lè yí bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1923. Ọrùn tí ó sanra, igi tí ó gbẹ dáadáa kí a tó gbẹ́ ẹ, àti ọ̀pá irin tí ó ṣì ń yí: àwọn mẹ́ta yìí ni kí ẹ máa wá pa pọ̀.

ÀWỌN TÍ KÒ GBÀ

Àwọn kan yóò sọ pé ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń jẹ́ kí ìka yá. Òótọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, tàbí tí ó ń ta irú orin tí ìka ti ń sáré láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò gbọdọ̀ gbé gìtá baba rẹ̀. Gìtá kékeré tí ọrùn rẹ̀ bá ọwọ́ rẹ̀ mu ni kí a rà fún un. Obìnrin tàbí ọkùnrin tí ìka rẹ̀ kúrú náà ní ẹ̀tọ́ láti yan èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹjọ́ tí mo ń rò ni ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi, tí a fi dandan gbé ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ fún nítorí pé òun ni ó wà lóde.

Àwọn mìíràn yóò ní gìtá oníná kò le láti tẹ̀, nítorí náà ọrùn rẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Lóòótọ́ ni okùn rẹ̀ tín-ín-rín ju ti gìtá onígi lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dìde dúró tí ó gbé gìtá kọ́ ejìká fún wákàtí mẹ́rin mọ̀ pé kì í ṣe orí ìka nìkan ni ó ń rẹ̀ ẹ́.

BÍ A ṢE Ń DÁN AN WÒ

Bí ẹ bá dé ọjà Wúsé tàbí ilé ìtajà yòówù, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ jókòó ta gìtá náà, kí ẹ sì dìde ta á, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi ìka kan tẹ gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà papọ̀, kí ẹ gbọ́ bóyá ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dún. Ẹ gbé e sókè bí ẹni ń fi ìbọn wo ọ̀kánkán, kí ẹ wo bóyá ọrùn náà lọ́. Ẹ tẹ okùn kan mọ́ irin ìdábùú àkọ́kọ́ àti ti ìparí lẹ́ẹ̀kan náà: bí àlàfo tí ó wà ní àárín bá tó ìwọ̀n páálí pẹlẹbẹ kan, ó dára, bí ó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọrùn ti tẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ọrùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá irin ń họ yín. Bí ẹ bá sì gbé e délé, inú àpótí rẹ̀ ni kí ó máa wà ní àsìkò ọyẹ́, pẹ̀lú kànrìnkàn tútù kékeré nínú ike tí a lu ihò sí, kí omi má ba à kan igi.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi kan àwọn olórí ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ń dá owó jọ láti ra ohun èlò orin. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún lè lọ sí ọjà, kí ó má sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó mọ gìtá á ta. Wọn yóò ra èyí tí ó ń dán jù lọ, ẹni tí yóò máa lò ó yóò sì máa jìyà rẹ̀ títí ọdún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú onígìtá lọ́wọ́ lọ sí ọjà. Ọwọ́ rẹ̀ ni a ń ra gìtá fún. Kí ọwọ́ náà wí tirẹ̀ kí owó tó jáde nínú àpò.